Míńtì ni Ọmọ Mi Gbọ́

Ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n bí mi sí, ohun méjì péré là ń pè ní míńtì. Èkíní ni owó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti báǹkì dé, tí kò tíì mọ ọwọ́ ẹlẹ́ran tàbí ti ọlọ́kadà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò ti máa wá míńtì kiri láti ọ̀sẹ̀ tó ṣíwájú, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú owó tó ti gbó bí àkísà. Èkejì ni suwíìtì funfun tó máa ń ta ni lọ́fun pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, tí màámi máa ń tọ́jú sínú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì, tí í fi í pa wá lẹ́nu mọ́ bí ìwàásù bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ẹni tó bá rò pé òun mọ ọ̀rọ̀ kan tán, kó di ẹrù rẹ̀, kó lọ gbé ní ìlú onílùú.

Iṣẹ́ ló gbé èmi, ọkọ mi àti Ìfẹ́ ọmọ wa dé ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nílé. Nígbà tí a dé ọ̀hún, ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n gbà mí sí. Ó dùn mí, n kò ní fi bò. Ẹni tí odindi kíláàsì ń dìde kí láàárọ̀ ló wá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń fọ ìgbẹ́ àgbàlagbà. Síbẹ̀ iṣẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́, kì í sì í ṣe òtútù tí gbogbo ayé fi ń dẹ́rù bani. Àìkíni ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, mo rí ọkùnrin kan tó ń gbá ewé níwájú ilé rẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bí agbára mi ṣe mọ. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó bi mí pé ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ni. Mo ní rárá o, mo kàn ń kí yín ni. Ó dúpẹ́, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi tí mo máa ń rìn láti Ùró dé Odò-Ọjà, tí màá ti kí èèyàn títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa ro mí!

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, Kẹ́lì, ọmọ tí mo lè bí ni. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ẹ̀ jọ pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ ìyá àgbà kan láìjẹ́ kí oorun dá lójú ìyá náà. Bí a ṣe jáde, Kẹ́lì gbá mi léjìká, ó ní, "Ìwọ yìí, míńtì ni ọ́!"

Mo rò pé suwíìtì ló ń bèèrè. Mo ṣí báàgì mi, mo mú ọ̀kan nínú èyí tí màámi dì fún mi, mo fi ọwọ́ ọ̀tún nà án sí i. Ó wo suwíìtì, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó jẹ ẹ́ ṣá. Òun ló wá là á yé mi pé ní àdúgbò àwọn, ohun tó bá ti dára tó wu ni, míńtì ni. Bọ́ọ̀lù tó wọlé, míńtì. Tíì gbígbóná lásìkò òtútù, míńtì. Èmi náà tí n kò jí ìyá arúgbó, míńtì.

Mo sọ ọ́ fún màámi lórí fóònù. Olùkọ́ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni màámi, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n Èkìtì ló fi ń bá ọmọ bíbí inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Wọ́n pè ọ́ ní owó tuntun! Ọmọ mi, ṣọ́ra o, kí wọ́n má ná ọ tán."

"Wọn ò lè ná mi tán, Màámi."

"Ulé yín ńkọ́? Uṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń rí uṣu jẹ níbẹ̀?"

A ń rí iṣu, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò ṣeé sọ fún ará ilé. Ohun tí n kò rí ni ẹfínrín. Ọkàn mi fà sí i bí ọkàn aboyún. Lọ́jọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, mo rí ewé kan nínú ìkòkò pẹlẹbẹ, ó jọ ẹfínrín bí ọmọ ìyá. Wọ́n kọ míńtì sí i lára. Mo ní ó dáa, èyí á rọ́pò ẹfínrín. Mo rà á, mo bẹ iṣu, mo se àsáró, mo da epo sí i, mo já ewé náà lé e lórí bí màámi ṣe máa ń já a.

Ìfẹ́ tọ́ ọ wò. Ó ní, "Mọ́mì, ó dà bí ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eyín tán."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹnu wa tutù bí ẹnu ẹni tó mu omi yìnyín, epo sì wà ní ètè wa. Bàbá Ìfẹ́, tí iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ti sọ di ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, jẹ tirẹ̀ tán láìwí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún. Ká ní ó bú mi, ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nílé, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Mo wọ bàlùwẹ̀ lọ, mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sunkún nítorí àsáró. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ṣe ni wọ́n máa ń lọ ewé náà mọ́ ọtí kíkan àti ṣúgà, tí wọ́n á dà á sórí ẹran àgùntàn. Wọ́n ní ó dùn. Ẹnu wọn ni, ẹnu mi kọ́.

Nínú àwọn tí mò ń tọ́jú, bàbá kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Len, àtàgbà àtọmọdé. Ẹnu mi kò gbé e. Báwo ni n ó ṣe máa pe ẹni tó jù bàbá mi lọ lórúkọ jáń-ún bẹ́ẹ̀? Mo ń pè é ní Bàbá Len. Lákọ̀ọ́kọ́, ó bi mí pé kí ni bàbá. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kí n má dẹ́kun. Bàbá Len fẹ́ràn suwíìtì míńtì bí ọmọdé, ṣùgbọ́n àìsàn ti mú ọ̀fun rẹ̀. Ohun líle kò ṣeé fún un, omi lásán pàápàá a máa gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. A ní láti mú omi rẹ̀ ki bí ògì, ká gbé e jókòó dáadáa, ká ní kó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ká fi ṣíbí kékeré fún un díẹ̀, ká wá máa wo gògóńgò rẹ̀ bóyá ó gòkè, bóyá ó sọ̀. Bí kò bá tíì sọ̀, ṣíbí mìíràn kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e. Mo mọ iṣẹ́ yẹn débi pé èmi ni wọ́n ń pè bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀ tí kò jẹun. Inú mi ń dùn sí i, n kò ní parọ́. Ó jọ ìgbà tí ọmọ tó ya olódo bá yege ìdánwò lọ́wọ́ mi.

Lórí pẹpẹ ìwé Bàbá Len, ọkọ̀ ìṣeré wéwé wà nínú páálí, wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé. Láti kékeré ló ti ń kó wọn jọ. Mo na ọwọ́ láti ṣí ọ̀kan wò, ó pariwo mọ́ mi.

"Má ṣí i! Míńtì ni."

Ìtumọ̀ mìíràn tún rèé. Ó ṣàlàyé fún mi pé ohun tí ọwọ́ ò kàn rí, tó wà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde, míńtì ni wọ́n ń pè é. Mo bi í pé ta ló wá ń fi ọkọ̀ náà ṣeré. Ó ní kò sí ẹni tó ń fi í ṣeré, ìyẹn ló jẹ́ kó níyelórí. Mo gbà, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ní ọ̀rọ̀ òyìnbó sú mi.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé èmi náà ní páálí tèmi. Ìkẹ́rẹ́ tí mo gbé wá wà nínú rẹ̀, n kì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Nínú páálí yẹn, màámi ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú báàgì lápá, ó ń gun òkè ilé wa láìmí gúlegúle, ó ń bá àwọn tó ń ta ọsàn jà nítorí pé wọ́n mú èyí tó ti jẹrà kún un. Bí mo bá pè é, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́, ohùn ò sì ní eékún tó ń dunni. "Ara ńkọ́, Màámi?" "Ara ò ní nǹkan kan." Èmi náà á ní ara ò ní nǹkan kan. A jọ ń tan ara wa jẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ìfẹ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Káyọ̀, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú màámi, ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé màámi ṣubú ní bàlùwẹ̀. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹnu ti yí, ọ̀rọ̀ kò jáde. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n dá a padà sílé, wọ́n ní tó bá ń jẹun, okun á máa wá díẹ̀díẹ̀. Mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ kí n lè lọ wò ó. Wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò gba ipò mi, kí n mú sùúrù di ìparí oṣù. Kí ni mo tún lè ṣe? Orí iṣẹ́ yẹn ni ìwé ìgbélùú wa dúró lé. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo wá ń gbà: Olúwa, jẹ́ kó máa jẹun títí n ó fi dé.

Bọ̀dá Káyọ̀ ṣèlérí pé bó bá ti jẹun, òun á pè mí.

Ọjọ́ Sátidé ló pè. Mo wà níbi iṣẹ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ń ti fóònù gbogbo wa mọ́. Nígbà tó pè títí tí n kò gbé e, ó pe táàbù tí Ìfẹ́ fi ń wo eré nílé. Bàbá Ìfẹ́ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó ń sùn. Ìfẹ́ ló gbé e.

Kí n sọ ti Ìfẹ́ yìí. Ó kéré gan-an nígbà tí a mú un wá, Gẹ̀ẹ́sì àdúgbò yẹn sì ti gba ẹnu rẹ̀. Yorùbá tó kù sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ àṣẹ ni: wá, jókòó, jẹun, dákẹ́, ẹ kú alẹ́. Ó ń gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn bí ọmọ ogun ṣe ń gbọ́ fèrè. Tó bá ju ìyẹn lọ, ṣe ni yóò máa wo ẹnu ẹni.

Mo ti ilẹ̀kùn wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó sáré pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pariwo.

"Mọ́mì! Ọ́ńkù Káyọ̀ pè! Ó ní Màmá Ìkẹ́rẹ́ míńtì!"

"Kí ló wí?"

"Míńtì! Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní mo ti gbọ́."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Kò wá sọ́kàn mi pé Bọ̀dá Káyọ̀, tí kò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, kò lè mọ ọ̀rọ̀ àdúgbò wa. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bi omi léèrè orírun. Mo jí Bàbá Ìfẹ́, a kọrin ìyìn, mo dín dòdò, òun náà rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ bú mi pé n kì í ṣe báyìí dín dòdò bí kò bá sí ìròyìn ayọ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi: "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá mi. Ògo ni fún Ọlọ́run! Ẹ bá mi kí Màámi kú oríire. Bí ẹ ṣe ń ṣe é yẹn náà ni kí ẹ máa ṣe é lọ." Mo rí i pé ó kà á. Kò dáhùn. Mo ní bóyá iná ni kò sí. Mo sùn wọra lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì, fóònù dún.

"Ìyá Ìfẹ́, ṣé ara rẹ yá?"

"Ara mi yá, Bọ̀dá. Ẹ káàsán sà."

"Ó yẹ kó yá. Mo ní ìyá rẹ ò lè gbé ẹ̀kọ mì, o ní ògo ni fún Ọlọ́run. O ní kí n bá ọ kí i kú oríire! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀hún nìyẹn?"

"Bọ̀dá, ta ló ní kò lè gbé ẹ̀kọ mì?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ ọ́ fún ọmọ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní a fún un lẹ́kọ, ó mì ín tì. Ó mì ín tì! Ọmọ rẹ ní òun gbọ́. Àbí Gẹ̀ẹ́sì ni kí n máa fi sọ̀rọ̀ ìyá mi fún ọmọ àbúrò mi?"

Ó mì ín tì. Mo wí i lábẹ́nu, mo tún un wí, mo yọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kúrò lára rẹ̀, mo fi etí ọmọ mi gbọ́ ọ. Míńtì ni. Bí a bá ti yọ ohùn kúrò lára Yorùbá, kò sí ohun tí etí ò lè gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹnu Ìkẹ́rẹ́ sọ pé ìyá wa ò lè gbé oúnjẹ mì, ọmọ mi sì fi etí àwọn ará ibí gbọ́ ọ pé nǹkan dára. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Èmi tí mo wà láàárín, tí mo gbọ́ èdè méjèèjì, mi ò sí nílé.

Mo ṣàlàyé fún Bọ̀dá Káyọ̀.

"O ní ká máa ṣe é bí a ṣe ń ṣe é," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é. Ìyàwó mi ń rọ ọ́."

"Wọ́n ń rọ màámi?"

"Ó gbé e sórí itan, ó ń rọ ọ́ bí ọmọ tuntun. Láti àná. Àyà rẹ̀ ti ń dún hurúhurú. A ti ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì, ó ti gún un lábẹ́rẹ́."

Gbogbo wa ni wọ́n rọ. Èmi náà rọ Ìfẹ́. Ìyá á da ọmọ sórí ẹsẹ̀, á fi ọwọ́ ṣe agbada sí i lẹ́nu, á da ògì sí i, ọmọ á máa ké, á sì máa mì. Ìyàwó Bọ̀dá Káyọ̀ fi gbogbo ọkàn ṣe é, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀fun tó ti kú lápá kan kì í ṣe ọ̀fun ọmọ ọwọ́. Mo mọ ibi tí ẹ̀kọ náà gbà lọ bí ẹni pé mo wà nínú rẹ̀. Mo ń fi ṣíbí bọ́ bàbá onílùú, wọ́n ń yìn mí, ẹ̀kọ sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ìyá mi nílé. Inú bí mi sí ayé. Inú bí mi sí Ọlọ́run pàápàá, n ò tíì lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì dòní.

"Ẹ má rọ ọ́ mọ́," mo pariwo. "Ẹ gbé e jókòó. Ẹ ṣí kámẹ́rà."

Wọ́n fi ìrọ̀rí há a láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo rí màámi. Páálí mi ṣí níbẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti dà bí ọrùn adìyẹ, ojú rẹ̀ ń wo ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Mo ní kí wọ́n mú ẹ̀kọ náà ki dáadáa, kí wọ́n mú ṣíbí tíì, kí wọ́n tẹ àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Bọ̀dá Káyọ̀ gbé ṣíbí débi ètè rẹ̀. Màámi pa ẹnu dé pinpin. Rírọ náà ti bà á lẹ́rù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kì í ní oríkì rẹ̀, mo pè é ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ìfẹ́ dúró lẹ́yìn mi, ó ń sunkún. Ó ti gbọ́ tó láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun jẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fà á mọ́ra, mo sọ fún un pé kò ṣẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ ló ṣẹ̀ wá. Ó bi mí léèrè bí wọ́n ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé kó gbé nǹkan mì.

"Ẹ mì ín," mo ní.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Màmá Ìkẹ́rẹ́," ó ní, "ẹ mí. Ẹ mí."

Ohùn òkè ló gbé e sí. Mo la ẹnu láti tún un ṣe, kí n sọ fún un pé mì ni, kì í ṣe mí, pé kó jẹ́ kó lọ sílẹ̀. Nígbà yẹn ni màámi yí ojú sí fóònù. Ó mí kanlẹ̀, ẹ̀mí tó mí náà dún hurúhurú débi pé a gbọ́ ọ láti ọ̀hún, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀. Bọ̀dá Káyọ̀ fi ṣíbí sí i. A ń wo gògóńgò rẹ̀. Ó gòkè, ó dúró, ó dúró pẹ́, ó sọ̀.

"Ìfẹ́, mì ni," mo bẹ̀rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," Bọ̀dá Káyọ̀ ní láti Ìkẹ́rẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀. "Jẹ́ kó máa wí i bẹ́ẹ̀."

Ìfẹ́ kò tiẹ̀ gbọ́ wa. Ó di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń wí i lọ: "Màmá, ẹ mí. Ẹ mí."